Ìwé Àṣẹ Afẹ́fẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Kọ́ Ilé Iṣẹ́, Tàbí Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe, ní Houston

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Houston máa ń kọ́kọ́ ronú nípa ilẹ̀, owó báńkì, iná mànàmáná àti òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni òfin Amẹ́ríkà fi ṣíwájú: bí ẹ̀rọ yín bá máa tú èéfín, eruku tàbí gáàsì jáde, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó da ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ náà máa jókòó lé. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ fẹ́ tan ẹ̀rọ, ó ti pẹ́ jù.

Orí yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Houston àti àyíká rẹ̀, fún ẹnjiníà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ wá ìwé àṣẹ, àti fún onílé tó ṣàdédé rí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ sítòsí òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun kan ni ẹ ó máa bá pàdé: ìṣirò ló ń pinnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ohun tí òfin sì ń ṣírò ni ohun tí ẹ̀rọ yín lè tú jáde, kì í ṣe èyí tí ẹ ní lọ́kàn pé ẹ máa tú jáde.

Òfin náà àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ

Clean Air Act ni òfin àgbà tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1970 ni wọ́n fún un lágbára tó ní lónìí, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá EPA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká. Ní 1977, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi ètò kan kún un tí wọ́n ń pè ní New Source Review, tí àwọn oníṣẹ́ ń gé kúrú sí NSR. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti lóye. Ẹ̀rọ tó ń dín èéfín kù kì í wọ́n owó púpọ̀ bí wọ́n bá fi í sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni bí wọ́n bá fẹ́ so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, òfin ní kí ẹni tó ń kọ́ tuntun, tàbí tó ń ṣe àtúnṣe ńlá, ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

EPA fi iṣẹ́ náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ní Texas, TCEQ ni àjọ tó ń fún èèyàn níwèé àṣẹ. Austin ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀ka kẹfà EPA tó wà ní Dallas ló ń wo iṣẹ́ TCEQ láti òkè.

Ohun kan wà tó mú ti Houston yàtọ̀. Ìlú náà kò ní òfin tó pín ilẹ̀ sí apá ibùgbé àti apá ilé iṣẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà ṣe ní. Ní 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Texas tún fagi lé apá pàtàkì nínú òfin afẹ́fẹ́ tí ìlú náà ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n ní òfin ìpínlẹ̀ ló borí. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìpo kọnkéré fi lè wà nítòsí ilé ìwé, tí ìwé àṣẹ TCEQ sì fi jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí aládùúgbò ti lè sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ yín wà

EPA ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ohun mẹ́fà tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́: ozone, eruku kéékèèké tí wọ́n ń pè ní PM, carbon monoxide, sulfur dioxide, nitrogen dioxide, àti òjé. Agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá òṣùwọ̀n mu ní òfin tirẹ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá a mu ní òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro Houston ni ozone. Kò sí ọ̀pá èéfín tó ń tú ozone jáde ní tààràtà. Oòrùn ló ń sè é láti ara ohun méjì: gáàsì NOx tó ń jáde níbi tí nǹkan bá ti ń jó, àti VOC, ìyẹn oru tó ń fẹ́ kúrò lára petirólù, kẹ́míkà àti tíńà ọ̀dà. Oòrùn Texas kò sì ṣàìtó, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kún etí Houston Ship Channel. Láti 2022, ìpele Severe ni EPA fi Houston sí lábẹ́ òṣùwọ̀n ozone ti 2008. Káúńtì mẹ́jọ ló kàn: Harris, Fort Bend, Brazoria, Galveston, Montgomery, Liberty, Chambers àti Waller. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Alief wà nínú rẹ̀, ẹni tó wà ní Katy tàbí Missouri City náà sì wà nínú rẹ̀.

Ìpele yìí ló ń sọ iye tọ́ọ̀nù NOx tàbí VOC lọ́dún tó ń sọ ilé iṣẹ́ di orísun ńlá:

• Marginal àti Moderate: tọ́ọ̀nù 100
• Serious: tọ́ọ̀nù 50
• Severe: tọ́ọ̀nù 25
• Extreme: tọ́ọ̀nù 10

Ní agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá òṣùwọ̀n mu, gbèdéke náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 250, àyàfi fún oríṣi ilé iṣẹ́ 28 tí òfin dárúkọ, bí ilé ìfọpo, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ti irin. Tọ́ọ̀nù 100 ni tiwọn. Nítorí náà, ilé ìṣe-oúnjẹ tó lè tú tọ́ọ̀nù 60 NOx jáde lọ́dún jẹ́ orísun kékeré ní Lubbock, ṣùgbọ́n orísun ńlá ni ní Houston. Ẹ wádìí ìpele agbègbè yín lọ́dọ̀ TCEQ kí ẹ tó san owó ilẹ̀, nítorí EPA máa ń yí ìpele padà. Ẹ sì fi sọ́kàn pé tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ pọ́ùn 2,000; kì í ṣe tọ́ọ̀nù ti kílógíráàmù 1,000 tí a ń lò nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ohun tí ẹ̀rọ yín lè tú jáde

Òfin gbà pé ẹ̀rọ yín máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo agbára rẹ̀, tọ̀sán-tòru, láìsinmi lọ́jọ́ Àìkú tàbí lọ́jọ́ ọdún. Wákàtí 8,760 nìyẹn lọ́dún kan. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré lẹ ó máa lò ó lójúmọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni títí tí ẹ ó fi gbà kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká ní ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìṣe-oúnjẹ tó nílò bọ́ílà méjì tó ń lo gáàsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jó Btu (òṣùwọ̀n ooru) mílíọ̀nù 50 ní wákàtí kan. EPA ní ìwé ìṣirò kan tó ń jẹ́ AP-42, tó sọ iye ohun tí oríṣiríṣi ẹ̀rọ máa ń tú jáde. Ó ní bọ́ílà tó tó báyìí, tí kò ní ẹ̀rọ ìdínkù, máa ń tú pọ́ùn 100 NOx jáde fún mílíọ̀nù kan ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì (cubic feet) gáàsì. Agbára tó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì kan jẹ́ nǹkan bí Btu 1,020.

• Gáàsì tí bọ́ílà kan ń jó ní wákàtí kan: 50,000,000 pín sí 1,020 = nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 49,000.
• NOx ní wákàtí kan: nǹkan bí pọ́ùn 4.9.
• NOx lọ́dún: 4.9 ní ọ̀nà 8,760, pín in sí 2,000 = nǹkan bí tọ́ọ̀nù 21.5.
• Bọ́ílà méjèèjì: nǹkan bí tọ́ọ̀nù 43.

Tọ́ọ̀nù 43 ti kọjá 25. Ní Houston, orísun ńlá ni ilé iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ lásán ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà méjì tí ẹ lè gbà sọ ọ́ di kékeré. Bí ẹ bá gbà pé bọ́ílà kọ̀ọ̀kan kò ní ju wákàtí 5,000 lọ lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ á já sí tọ́ọ̀nù 24.5. Bí ẹ bá sì ra bọ́ílà tí orí iná rẹ̀ ń dín NOx kù, AP-42 gé pọ́ùn 100 sí 50, àpapọ̀ á wá jẹ́ 21.5, ẹ ó sì lè lò ó ní gbogbo wákàtí ọdún. Èyí kejì ló dáa jù fún ẹni tó ń retí kí ọjà òun gbòòrò, nítorí ẹni tó fi wákàtí de ara rẹ̀ máa padà lọ tọrọ àyè ní ọjọ́ tí oníbàárà bá pọ̀ sí i.

Ìlérí tí ẹ fi dín ara yín kù báyìí gbọ́dọ̀ ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní mítà tó ń ka gáàsì tàbí wákàtí, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, alábẹ̀wò á kà á sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn ohun kéékèèké: jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ìpamọ́, táǹkì kẹ́míkà, ibi tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà, eruku ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń tú. Gbogbo ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ kan náà tàbí lórí ilẹ̀ tó fara kàn án, tó wà lábẹ́ olówó kan náà, tí iṣẹ́ wọn sì jọra, ìkan náà ni òfin kà wọ́n sí. Ẹ̀tàn tí EPA mọ̀ dáadáa ni pé kí èèyàn gé iṣẹ́ kan sí méjì, kó gba ìwé àṣẹ kékeré méjì dípò ńlá kan. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fi ìtanràn lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan ọ̀nà tó bá ìṣirò yín mu

TCEQ ní ọ̀nà mẹ́rin, láti orí èyí tó rọrùn jù dé orí èyí tó le jù.

1. Permit by Rule. Èyí wà fún ohun kéékèèké tí òfin ti sọ bí ẹ ṣe máa lò ó tẹ́lẹ̀. Orí 106 nínú òfin TCEQ ló tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá pa gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ mọ́, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó yẹ iṣẹ́ yín wò fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń béèrè pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

2. Standard Permit. Èyí wà fún irú ilé iṣẹ́ tó wọ́pọ̀, tí ìpínlẹ̀ ti mọ ìwà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìpo kọnkéré ni èyí tí aráàlú mọ̀ jù ní Houston.

3. Ìwé àṣẹ NSR tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù PI-1 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ sì ti máa fi ránṣẹ́. Ní Texas, orísun kékeré tó bá gba ọ̀nà yìí náà gbọ́dọ̀ lo BACT, ìyẹn ẹ̀rọ tàbí ọ̀nà ìdínkù tó dára jù tí owó rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé bọ́ílà àtijọ́ wá, tó ní òun kò tó tọ́ọ̀nù 25, kò tíì bọ́.

4. Ìwé àṣẹ orísun ńlá. Òun la ó wá sọ báyìí.

Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, òfin Texas á béèrè èdìdì ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ náà lórí ìwé ìbéèrè yín. Ẹ wá a ní kùtùkùtù. Ẹnjiníà tó dáa kì í fi èdìdì lé ìṣirò tí kò bá yín ṣe.

Bí ẹ bá jẹ́ orísun ńlá

Ọ̀nà méjì ló yà síra níbí, ohun tó yà wọ́n sì ni bóyá afẹ́fẹ́ agbègbè yín bá òṣùwọ̀n mu fún ohun tí ẹ fẹ́ tú jáde. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè rin ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún NOx rẹ̀, èkejì fún eruku rẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá òṣùwọ̀n mu, bíi Houston fún ozone. Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni LAER: ìwọ̀n ìtújáde tó kéré jù tí ilé iṣẹ́ irú yín kan ti dé rí. Ẹ kò lè fi ọ̀wọ́n owó ṣe àwáwí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ wá ìdínkù láti ibòmíràn láti fi dí tiyín. Ní ìpele Severe, 1.3 fún 1 ni. Bí ilé iṣẹ́ yín bá máa tú tọ́ọ̀nù 30 NOx jáde, ẹ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì ìdínkù tọ́ọ̀nù 39, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ti fi títi ẹ̀rọ pa tàbí àtúnṣe gidi dín kù. Ọjà ni wọ́n ti ń ra kírẹ́díìtì yìí, kò sì pọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má ra ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó ti rí kírẹ́díìtì rà.

Ọ̀nà kejì ni PSD, fún agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì dáa, tí òfin kò sì fẹ́ kó bàjẹ́. BACT ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń yàn án nìyí: ẹ tò gbogbo ẹ̀rọ ìdínkù tó wà láyé, ẹ yọ èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ níbi tiyín, ẹ tò èyí tó kù láti orí èyí tó lágbára jù, ẹ yẹ owó, agbára àti ìpalára wọn wò, ẹ wá mú èyí tó wà lókè jù tí ẹ kò rí ìdí gidi láti kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìkẹta ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ìkínní àti ìkejì kò ṣeé ṣe.

PSD tún ń béèrè ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn bí èéfín yín ṣe máa tàn ká. AERMOD ni ètò tí EPA yàn fún un. Ó ń lo gíga ọ̀pá èéfín yín, ooru rẹ̀, atẹ́gùn agbègbè náà àti bí ilé ṣe to yí i ká. Wọ́n tún lè ní kí ẹ fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ilẹ̀ náà fún ọdún kan kí ẹ tó kọ̀wé, bí kò bá sí ẹ̀rọ ìjọba nítòsí. Bí ilé iṣẹ́ yín bá sún mọ́ ọgbà ìtura ńlá bíi Big Bend tàbí Guadalupe Mountains, àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà máa gbọ́ sí i. Òfin fún àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní ọdún kan láti dáhùn, láti ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè yín bá ti pé. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí pípé: ìwé tó ní àlàfo lè jókòó sórí tábìlì fún oṣù púpọ̀ láìjẹ́ pé aago bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe ilé iṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ ti bọ́. Òfin ní àyípadà yòówù tó bá kan ara ẹ̀rọ tàbí ọ̀nà tí ẹ gbà ń lò ó, tó sì mú kí ìtújáde pọ̀ sí i, lè nílò ìwé àṣẹ tuntun. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò sí nínú èyí. Àlékún wákàtí iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, àyàfi bí ìwé àṣẹ yín bá ti fi gbèdéke sí wákàtí náà.

Kí ni ìtọ́jú ojoojúmọ́? Ní 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá ẹjọ́ Wisconsin Electric Power, tó fẹ́ pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà ńlá nínú ilé iṣẹ́ iná Port Washington tó ti gbó. Ilé iṣẹ́ náà ní àtúnṣe lásán ni; ilé ẹjọ́ gbà pẹ̀lú EPA pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò láti ìgbà náà: irú iṣẹ́ tó jẹ́, bó ṣe gbòòrò tó, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe ń wáyé tó nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti iye owó tó ná wọn. Bí àtúnṣe kan bá máa fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí ẹ̀rọ, tí ìgbìmọ̀ olùdarí sì buwọ́ lu owó rẹ̀ bí owó ìdókòwò, ẹ má pè é ní ìtọ́jú.

Fún orísun ńlá, ìṣirò àtúnṣe ní ìgbésẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, ẹ mú oṣù 24 tó tẹ̀léra láàárín ọdún 10 tó kọjá, kí ẹ wá iye tí ẹ̀rọ náà tú jáde ní ti gidi lọ́dún. Fún ilé iṣẹ́ amúnáwá, ọdún 5 ni. Ẹ fi í wé ohun tí ẹ retí lẹ́yìn àtúnṣe. Ìkejì, ẹ ṣe àkópọ̀ gbogbo àlékún àti ìdínkù tó ti wáyé ní ilé iṣẹ́ náà láàárín ọdún 5.

Ká ní bọ́ílà kan ń tú tọ́ọ̀nù 12 jáde, tó sì máa di 30 lẹ́yìn àtúnṣe. Àlékún 18 nìyẹn. Ẹ lè rò pé 18 kò tó 25. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi jẹnẹrétọ̀ tó ń tú tọ́ọ̀nù 9 jáde kún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ kò sì dín nǹkan kan kù, àpapọ̀ ti di 27. Ẹ ti wọ inú ètò orísun ńlá, pẹ̀lú LAER àti kírẹ́díìtì rẹ̀. Bí ìṣirò yín kò bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, Texas ṣì ń béèrè àtúnṣe ìwé àṣẹ tàbí ìforúkọsílẹ̀ fún àlékún kékeré.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò le, kó wo American Electric Power. Ẹ̀sùn àtúnṣe tí wọ́n ṣe láìgba ìwé àṣẹ NSR ni ìjọba fi kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n yanjú rẹ̀ ní 2007, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san ìtanràn $15 mílíọ̀nù, ẹ̀rọ ìdínkù èéfín tí wọ́n sì gbà láti fi sí i tó nǹkan bí $4.6 bílíọ̀nù.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí ìwé àṣẹ tó dé

Ẹ lè ra ilẹ̀, ẹ lè ya àwòrán, ẹ lè bá báńkì sọ̀rọ̀, ẹ sì lè yẹ ilẹ̀ wò. Ohun tí òfin àpapọ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé ni iṣẹ́ tó máa wà títí lórí ẹ̀rọ tó ń tú nǹkan jáde: dída ìpìlẹ̀ rẹ̀, gbígbé òpó rẹ̀ dúró, rírì páìpù rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohunkóhun tó sún mọ́ èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ TCEQ, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní àkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò lè gbèjà yín nílé ẹjọ́. Ẹ fi sínú àdéhùn yín pẹ̀lú kọngílá pé kò gbọ́dọ̀ da kọnkéré kankan kí ẹ tó fún un ní ẹ̀dà ìwé àṣẹ. Òun ni ẹni tó máa ń kánjú jù.

Ìkéde, àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Lẹ́yìn tí TCEQ bá gba ìwé ìbéèrè NSR yín wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé pátákó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìbéèrè náà síbi tí aráàlú ti lè kà á. Bí ilé ìwé tó sún mọ́ ọn jù bá ní ètò ẹ̀kọ́ elédè méjì, ẹ ó tẹ ìkéde náà ní èdè kejì pẹ̀lú. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni aráàlú ní láti kọ̀wé. Bí TCEQ bá ti ṣe ìpinnu àkọ́kọ́, ìkéde kejì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́, ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò kí pátákó tó dúró. Àìtètèmólè, olè ń mólóko: bí ẹ kò bá tètè ṣàlàyé, ẹlòmíràn á ṣàlàyé yín fún wọn, bó ṣe wù ú.

Ẹ̀yin onílé, ẹ ka ìkéde náà dáadáa. TCEQ kò lágbára láti fi ariwo, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tàbí iye owó ilé yín kọ ìwé àṣẹ afẹ́fẹ́. Lẹ́tà tó kún fún ìbínú nípa ọkọ̀ akẹ́rù kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ béèrè nípa ìṣirò: ṣé wọ́n ka jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn? Ṣé wọ́n ka eruku ojú ọ̀nà? Báwo ni ilé ìwé ṣe jìnnà tó sí ọ̀pá èéfín? Irú ẹ̀rọ ìdínkù wo ni àwọn ilé iṣẹ́ irú rẹ̀ ń lò tí èyí kò fẹ́ lò? Ẹ lè béèrè ìpàdé gbogbo gbòò, ẹ sì lè béèrè ògbufọ̀ ṣáájú ìpàdé náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ ọ́ gbangba pé ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní contested case hearing ni ẹ ń béèrè, kí ẹ sì sọ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe kàn yín ju bó ṣe kan ará ìlú lásán lọ. Fún Standard Permit ilé iṣẹ́ ìpo kọnkéré, ẹni tí ibùgbé rẹ̀ wà láàárín yáàdì 440 sí ilé iṣẹ́ náà nìkan ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ yìí. Nǹkan bí mítà 400 nìyẹn; ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ̀wé.

Lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ bá ti dé

Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tábìlì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAERT, tó sọ pọ́ùn tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè tú jáde ní wákàtí kan àti tọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́dún. Òun ni òfin yín láti ọjọ́ náà. Lábẹ́ PSD, bí ẹ kò bá bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé láàárín oṣù 18, ìwé àṣẹ náà á kú, àyàfi tí wọ́n bá fún yín ní àfikún àkókò. Ní Texas, ìwé àṣẹ NSR gbọ́dọ̀ di títúnṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Orísun ńlá tún nílò ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ Title V, tó wá látinú àtúnṣe òfin ti 1990. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ṣàdédé tú ohun tó ju ìwọ̀n tí òfin ní kí ẹ ròyìn lọ, wákàtí 24 ni ẹ ní láti sọ fún TCEQ láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀.

Ìtanràn ìjọba àpapọ̀ lè ju $100,000 lọ fún ọjọ́ kan, fún àṣìṣe kan. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Àkójọ kúkúrú kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀

• Káúńtì wo ni ilẹ̀ náà wà, ìpele wo ló sì wà lónìí?
• Ṣé gbogbo ẹ̀rọ ti wà nínú ìṣirò, títí kan jẹnẹrétọ̀ àti táǹkì?
• Wákàtí 8,760 ni ẹ fi ṣírò, àbí èyí tó wù yín?
• Bí ẹ bá fi gbèdéke de ara yín, kí ló máa ka iye rẹ̀, ta ló sì máa kọ ọ́ sílẹ̀?
• Bó bá jẹ́ àtúnṣe ni, kí ni ẹ ti fi kún ilé iṣẹ́ náà láàárín ọdún 5?
• Bí ẹ bá nílò kírẹ́díìtì, ta ló fẹ́ tà á?
• Ṣé kọngílá yín mọ ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ da kọnkéré?
• Ṣé àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ọ láti ẹnu yín?

Bí ìdáhùn sí ọ̀kan péré nínú ìbéèrè wọ̀nyí kò bá dá yín lójú, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ gbé ìṣirò náà lọ fún ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n. Owó tí ẹ ó san fún un lè má tó ìtanràn ọjọ́ kan ṣoṣo.